Purojẹ́kítọ̀ olówó pọ́ọ́kú fún pálọ̀: Ìmọ́lẹ̀ ni kí oníṣòwò fowó rà, kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe okòwò kéékèèké, pálọ̀ ilé náà ni ọ́fíìsì. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti ń fi sítáì tuntun han oníbàárà, ibẹ̀ ni tíṣà tó ń ṣe lẹ́sìnnì ti ń kọ́ àwọn ọmọ lálẹ́, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ilé máa ń pé jọ sí láti wo fíìmù àti bọ́ọ̀lù bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Èyí ló mú kí purojẹ́kítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri tàbí aṣọ funfun, máa wu ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé yìí lè gbé àwòrán tó tó ọgọ́rùn-ún (100) ínǹṣì jáde, bẹ́ẹ̀ owó tẹlifíṣọ̀n tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Àmọ́ ara owó ọjà tàbí owó àjọ ni wọ́n sábà máa ń yọ láti ra irú nǹkan báyìí. Bí ẹ̀rọ náà bá wá délé, tó jẹ́ pé àwòrán tó ṣá bíi fọ́tò tí òjò pa ló ń gbé jáde, owó tó yẹ kó ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù ti há nìyẹn. Ohun tó sábà máa ń fa irú àdánù yìí kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà kò gbówó lórí, nítorí pé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó dára wà. Ohun tó ń fà á ni pé ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ro ti pálọ̀, ti kọ́tìnnì àti ti síkírìnì. Ẹni tó bá fi pálọ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì fi ẹ̀rọ kẹ́yìn, owó kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá fún un.

NỌ́ŃBÀ TÓ Ń TAN ÈÈYÀN JẸ

Lumen ni orúkọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ṣe pọ̀ tó. Èyí tó ṣeé gbára lé níbẹ̀ ni ANSI lumens, tàbí èyí tí wọ́n wọ̀n ní ìlànà ISO 21118. Láti mọ̀ ọ́n, wọ́n á tan àwòrán funfun sára síkírìnì, wọ́n á pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ tó dé àárín ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi mẹ́sàn-án pín in, kí wọ́n tó wá fi bí àwòrán náà ṣe fẹ̀ tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó dé ara síkírìnì ni wọ́n wọ̀n yẹn, kì í ṣe ohun tó wà nínú gílóòbù.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nínú ọjà ló jẹ́ pé "9,000 lumens" tàbí "12,000 lumens" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí wọn, tí kò sí ANSI tàbí ISO kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi wé ti ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ògiri kì í ju nǹkan bíi 100 sí 300 ANSI lumens lọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ iná lè fi já irọ́ yìí. Kó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, kó ka iye wáàtì tó ń jẹ. Purojẹ́kítọ̀ ọ́fíìsì tó ń gbé nǹkan bíi 3,000 lumens tòótọ́ jáde máa ń jẹ iná tó tó nǹkan bíi 250 sí 300 wáàtì. Báwo wá ni èyí tó ń jẹ 60 wáàtì péré ṣe máa tàn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta? Kò lè ṣeé ṣe. Iye wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ ló máa ń tú àṣírí nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwájú páálí.

Ẹ̀tàn kejì ni ti 4K. Àwòrán purojẹ́kítọ̀ jẹ́ àkójọ àwọn tóótó kéékèèké, bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe máa ń mọ́ kedere tó. Bí wọ́n bá kọ "4K supported" sára páálí, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà lè gba àwòrán 4K wọlé, kì í ṣe pé ó lè gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á wá ni "native". Bí native rẹ̀ bá jẹ́ 1920 x 1080, ó dára gan-an fún pálọ̀. Bó bá jẹ́ 1280 x 720, ó ṣì tó wo fíìmù àti bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 800 x 480, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, nítorí pé lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú ìwé ìṣirò owó tàbí ti lẹ́sìnnì kò ní ṣeé kà lára ògiri.

ÌWỌ̀N EKU NÌWỌ̀N ÌTẸ́

Kí oníṣòwò tó wọ ọjà, kó kọ́kọ́ mú téèpù, kó wọn pálọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni pálọ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ìlú wa. Nínú irú yàrá yìí, nọ́ńbà mẹ́ta ló yẹ kó mọ̀.

Èkíní ni bí àwòrán ṣe máa fẹ̀ tó. Láti igun dé igun ni wọ́n ti ń ka ínǹṣì síkírìnì. Síkírìnì 100 ínǹṣì máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́ta, ó sì máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti ínǹṣì kan. Ẹni tó bá ń wò ó gbọ́dọ̀ jókòó ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 13 sí i kó tó gbádùn rẹ̀. Pálọ̀ tí àpẹẹrẹ yìí dá lé lórí gbà á, àmọ́ kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkejì ni ibi tí ẹ̀rọ máa jókòó sí. Inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, wọ́n ń pè é ní throw ratio. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye ìgbà tí jíjìnnà ẹ̀rọ sí ògiri fi ju fífẹ̀ àwòrán lọ. Bó bá jẹ́ 1.5, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jìnnà tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11 kó tó lè gbé àwòrán 100 ínǹṣì jáde. Bó bá jẹ́ 2.0, ó gbọ́dọ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 14 àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 ni gbogbo gígùn pálọ̀ náà. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí lè ra ẹ̀rọ tó dára, kó má sì rí ibi gbé e sí.

Ẹ̀kẹta, òun sì ló ṣe pàtàkì jù, ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Ìlànà tí iṣẹ́ sinimá ti ń lò tipẹ́ ni pé nínú òkùnkùn, kí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó gba ìmọ́lẹ̀ tó tó nǹkan bíi lumen 16. Bí wọ́n bá fi èyí ro síkírìnì pálọ̀, ohun tó máa jáde nìyí:

Síkírìnì 65 ínǹṣì: nǹkan bíi 200 lumens tòótọ́.
Síkírìnì 80 ínǹṣì: nǹkan bíi 300.
Síkírìnì 100 ínǹṣì: nǹkan bíi 480.
Síkírìnì 120 ínǹṣì: nǹkan bíi 680.

Ìṣirò yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré tó ní 200 ANSI lumens kì í ṣe ọjà burúkú. Bí olówó rẹ̀ bá fi í sórí àwòrán 65 ínǹṣì nínú òkùnkùn, á dùn ún wò. Ìgbà tó bá fẹ́ fi í wo 120 ínǹṣì bí wọ́n ṣe ya á sára páálí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó yé oníṣòwò pé bí wọ́n bá sọ fífẹ̀ àwòrán di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ibì kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ á já wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi ife ẹ̀wà kan bọ́ èèyàn mẹ́rin.

KÒ SÍ Ẹ̀RỌ TÓ Ń TAN ÒKÙNKÙN

Tẹlifíṣọ̀n ní dúdú tirẹ̀ lójú, àmọ́ purojẹ́kítọ̀ kò ní. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè tàn. Ibi tó bá yẹ kó dúdú nínú fíìmù, ńṣe ni ẹ̀rọ náà kàn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dúró níbẹ̀, àwọ̀ tí ògiri bá sì ní lákòókò yẹn ni ojú máa rí. Bí oòrùn aago méjì ọ̀sán bá ti gba ojú fèrèsé wọlé tó sọ ògiri di funfun báláú, irun orí òṣèré á di eérú, kódà bí ẹ̀rọ náà bá wọ́n bí ojú.

Nítorí náà, kọ́tìnnì wà lára iye tí purojẹ́kítọ̀ ń náni. Kọ́tìnnì tó nípọn, tí wọ́n fi aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ kì í gbà kọjá tẹ́ nínú, lè ṣe ju ohun tí àfikún owó lórí ẹ̀rọ lè ṣe lọ. Táìsì tó ń dán àti àjà funfun náà máa ń da ìmọ́lẹ̀ padà sára síkírìnì, torí náà kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ àti ọ̀dà tó dúdú díẹ̀ lára ògiri tí síkírìnì wà máa ń ṣèrànwọ́.

Bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ lẹ́sìnnì gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé nígbà tí wọ́n ń wò ó, tí iná kékeré sì gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kí wọ́n fi gílóòbù náà sẹ́yìn àwọn tó jókòó, kó má kọjú sí síkírìnì. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ìṣirò lumen 16 kò tó mọ́. Kí wọ́n fi 30 sí 50 ṣírò rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi 900 sí 1,500 lumens tòótọ́ fún síkírìnì 100 ínǹṣì.

TUNTUN KÉKERÉ ÀBÍ TÒKUNBỌ̀ ỌFÍÌSÌ?

Ọ̀nà méjì ni owó kékeré lè gbà. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré tuntun tó ń lo iná LED. Kì í jẹ iná púpọ̀, gílóòbù rẹ̀ kì í tètè kú, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń sọ pé ó lè lo 20,000 wákàtí sí 30,000. Àléébù rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré. Èyí dára fún ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló fẹ́ máa lò ó, tí àwòrán 65 sí 80 ínǹṣì sì tó o.

Ọ̀nà kejì ni purojẹ́kítọ̀ tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì àti iléèwé ilẹ̀ òkèèrè ti lò, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà àti ní Alábà. Nígbà tó wà ní tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní 2,500 sí 3,000 lumens tòótọ́. Àwọn tó ń ṣe gílóòbù wọn máa ń ka ọjọ́ ayé rẹ̀ sí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá já sí ìdajì, nítorí náà èyí tó ti gbó díẹ̀ ṣì lè fi ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ju ẹ̀rọ kékeré lọ. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn jẹ́ 1024 x 768, tí fíìmù yóò fi ibi dúdú sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, tí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ṣòfò. Síbẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́ èèyàn tàbí fi iṣẹ́ han oníbàárà nínú yàrá tí iná wà, òun ló sàn jù.

Ohun tó yẹ kó bẹ̀rù níbẹ̀ ni owó gílóòbù. Gílóòbù irú wọn máa ń lo nǹkan bíi 3,000 sí 5,000 wákàtí. Ẹni tó bá ń lò ó fún wákàtí mẹ́rin lálẹ́, 4,000 wákàtí á gbé e dé ẹgbẹ̀rún kan alẹ́, ìyẹn bí ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá ń ta gílóòbù náà ní ₦60,000, ká fi ṣe àpẹẹrẹ, náírà 15 ni wákàtí kan ń jẹ. Kí oníṣòwò béèrè iye gílóòbù kó tó béèrè iye ẹ̀rọ. Bí kò bá sì rí ẹni tó ń tà á, kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

SÍKÍRÌNÌ: KÁFÍŃTÀ ÀTI PẸ́ŃTÀ LÈ ṢE É

Kò pọn dandan láti ra síkírìnì olówó gọbọi. Ògiri tí wọ́n bá ti fi screeding dán geere, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun tí kì í dán kùn, síkírìnì gidi nìyẹn. Ohun tí kò dára ni ọ̀dà tó ń dán, nítorí pé ó máa ń mú kí àárín àwòrán mọ́lẹ̀ bíi pé wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ìdí kan náà ni flex tí wọ́n fi ń ṣe bánà fi ní àléébù, bó bá jẹ́ èyí tó ń dán.

Ẹni tí ògiri rẹ̀ kò bá dán lè ní kí káfíńtà kan férémù igi ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin àti ínǹṣì kan, kó wá na aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ kì í gbà kọjá lé e lórí títí tí kò fi ní kákò. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì lásán kò tó, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nílẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n sì fi aṣọ dúdú tó fẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́ta yí etí férémù náà ká. Owó aṣọ yìí kò tó nǹkan, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí àwòrán yọ lójú, kó sì dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra síkírìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí èyí tí wọ́n ń fà wálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ló dọ́gba níbùú lóròó, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́fà. Fífẹ̀ rẹ̀ ni kó fi ṣírò bí fíìmù á ṣe tóbi tó, kì í ṣe gíga rẹ̀.

INÁ, OORU ÀTI ERUKU

Purojẹ́kítọ̀ tó ń lo gílóòbù kò fẹ́ kí iná lọ lójijì. Fáànù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́ sí gílóòbù náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, kí ooru ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ mànàmáná bá gbé iná, tí fáànù sì dákẹ́ pẹ̀lú ooru nínú, gílóòbù lè tètè kú. UPS kékeré tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà tó láti fún un ní ìṣẹ́jú tó nílò. Fún ẹni tó ń lo ínfátà, iye wáàtì á sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: ẹ̀rọ 300 wáàtì á jẹ bátìrì nílọ́po márùn-ún ju ẹ̀rọ 60 wáàtì lọ. Kí wọ́n ro èyí mọ́ owó epo jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n tó yan èyí tí wọ́n fẹ́.

Lásìkò ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Kí wọ́n máa yọ àṣẹ́ tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí wọ́n máa gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí wọ́n má sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ṣì gbóná.

BÍ WỌ́N BÁ DÉ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Kí ẹni tó fẹ́ rà á mú fíìmù tó mọ̀ dáadáa lọ lórí fúláàṣì, kó mú téèpù dání, kó sì ní kí wọ́n pa iná ṣọ́ọ̀bù. Kó tan ojú ìwé funfun láti wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá lẹ́tà ibẹ̀ ṣeé kà. Bó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní DLP, kó wá àwọn tóótó funfun tí kì í kúrò lójú kan nínú àwòrán dúdú. Àmì pé àwọn dígí kéékèèké inú rẹ̀ ti ń kú nìyẹn. Bó bá jẹ́ LCD, kó wá àbàwọ́n tó pọ́n bí ìyeyè tàbí tó ṣe bí aró lára àwòrán funfun. Kó wo iye wákàtí gílóòbù nínú ménù, àmọ́ kó má fi gbogbo ọkàn tẹ̀ ẹ́, nítorí pé wọ́n lè dá a padà sí òdo. Kó tún wò ó bóyá ihò HDMI wà lára rẹ̀, nítorí pé VGA àtijọ́ kì í gbé ohùn.

Bí ọlọ́jà bá ń sọ pé, "Àǹtí, 9,000 lumens gidi ni, ẹ fọkàn balẹ̀," èsì tó yẹ kó gbọ́ ni, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú rìsíìtì." Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà tí wọ́n ń pè ní FCCPA, ti ọdún 2018, kò fàyè gba kí wọ́n fi àpèjúwe èké ta ọjà, àjọ FCCPC ló sì ń bójú tó o. Rìsíìtì tí wọ́n kọ nǹkan sí ni ẹ̀rí tí oníbàárà máa mú dání.

Ohun kan ṣì wà tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé. Sísan owó fún ìkànnì tẹlifíṣọ̀n ilé kò fún èèyàn láṣẹ láti gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tó wá wòran ní pálọ̀. Ìyẹn ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ WỌ́N RÀ Á

Bó bá jẹ́ pé ọ̀sán ni oníbàárà máa ń wá, tí fèrèsé kò sì ṣeé dí, kí oníṣòwò náà ra tẹlifíṣọ̀n 43 tàbí 50 ínǹṣì, kó sì fi ìyókù owó rẹ̀ ra ọjà. Kì í ṣe ẹ̀gàn fún purojẹ́kítọ̀ rárá. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà fún.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alẹ́ ni, tí òkùnkùn sì ṣeé ṣe, bí owó ṣe yẹ kó jáde nìyí: kọ́tìnnì ni kó ṣáájú, síkírìnì ni kó tẹ̀ lé e, kó ya owó UPS sọ́tọ̀, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù wá jẹ́ ti ẹ̀rọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e báyìí lè rí i pé ẹ̀rọ tó rà kéré sí èyí tó ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀, tí àwòrán rẹ̀ sì dára ju ti ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí páálí lọ.